Ta Ló Jẹ Dátà Mi?

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi fúnra mi ni àgbà òṣìkà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín lónìí, Wi-Fi ló sì fà á.

Ìgándò ni mo ń gbé, ní Àlímọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2025, ọmọ àbúrò mi obìnrin wá bá mi gbé kí ó lè ráyè kàwé fún ìdánwò JAMB. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra MiFi, ẹ̀rọ kékeré kan báyìí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n ń ki símù sí nínú, tí fóònù bíi mélòó kan á sì máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀. Mo ra dátà 10GB sí i, mo so fóònù tèmi náà mọ́ ọn. Mo ní ká fi lo oṣù kan.

Ní ọjọ́ kẹta, ó tán pátá! Bẹ́ẹ̀, ní January ọdún náà ni àjọ NCC ti gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti fi nǹkan tó ìdajì kún owó wọn. Inú bí mi. Mo pe ọmọ náà.

"Fíìmù wo lò ń wò lóru?"

"Dádì, mi ò wo fíìmù kankan o. Ìwé ni mò ń kà."

"Irọ́ lò ń pa! Àbí èmi ni mo jẹ ẹ́ ni?"

Kò fèsì mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìdánwò kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́.

Mo ra 5GB mìíràn. Kò sí ọmọ nílé o, èmi nìkan ni. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún tán. Ara mi bù máṣọ.

Mo gbé ẹ̀rọ àti fóònù lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún. Ó yọ símù inú MiFi sínú fóònù, ó tẹ *323#, kò ku nǹkan kan. Ó wá ṣí ibi tí fóònù mi ń kọ iye tí nǹkan kọ̀ọ̀kan lò sí.

"Bàbá, ẹ wò ó. Fóònù yín ló jẹ ẹ́."

Gbogbo fọ́tò òkú àgbà, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ tí mo ti yà láti ọdún yìí wá ni fóònù ń kó lọ pamọ́ sọ́dọ̀ Google. Ó ti ń dúró de Wi-Fi látọjọ́ yìí. WhatsApp náà ń fa gbogbo fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ wọlé, mo wò ó o, n kò wò ó o.

"Bàbá, fóònù ò mọ̀ pé símù lẹ ki sínú ẹ̀rọ yẹn. Tó bá ti rí Wi-Fi, ọ̀fẹ́ ló kà á sí."

Ó bá mi sọ fún fóònù pé Wi-Fi onísanwó ni èyí, ó sì pa fífi fọ́tò ránṣẹ́ àti fídíò tó ń dá wọlé.

Nígbà tí GSM dé ní 2001, odidi ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó; ẹni tó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún á san ti ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, a mọ ìgbà tí a lanu, a sì mọ ìgbà tí a pa á dé. Ní ti dátà, èèyàn lè sùn fọnfọn kó máa lọ. Wi-Fi kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ẹnìkan ló ń sanwó rẹ̀.

Láti Ìkòtún, mo wọ ọkọ̀ gba Ìdímù lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, èmi ni mo jẹ̀bi."

Ìyá rẹ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bẹ ọmọ mọ́." Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbójú sókè.

"Dádì, ẹ ò tiẹ̀ ní kí n gbé fóònù mi wá kẹ́ ẹ wò ó."

N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti lọ ṣe ìdánwò. Dátà tí mo rà fún un, orí fóònù tirẹ̀ ni mo rà á sí.

Dátà tó tán, owó lè rà á padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ fóònù tiyín wò kí ẹ tó pe ọmọ ní òpùrọ́.