Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Gbọ̀n

Kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n so ẹ́ńjìnì mọ́ máa ń gbọ̀n gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, bí ẹ́ńjìnì náà tilẹ̀ kéré. Férémù alùpùpù, nítorí ẹ́ńjìnì ni wọ́n ṣe rọ ọ́. Ti kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn. Páìpù rẹ̀ fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì nà síta láìsí ohun tó dì í mú ní ìparí. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, ìka á kú, ẹni náà á sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Rọ́bà ìdìmú tó nípọn tàbí ìbọ̀wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rà. Ó ń tu àtẹ́lẹwọ́ lára, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n tó yára gidigidi nìkan ni ohun rírọ̀ ń gbà mọ́ra dáadáa. Èyí tí ẹ́ńjìnì kékeré ń mú wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń gba inú rọ́bà kọjá. Ibi tó ti ń wá ló yẹ kí a wò.

Sìlíńdà kan ṣoṣo ni irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ní. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, sìlíńdà náà fẹ̀ ní mílímítà 47, písítìnì sì ń rìn mílímítà 38: nǹkan bíi 66 cc ni, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń pè é ní 80. Písítìnì á gòkè, á dúró, á sọ̀ kalẹ̀, á tún dúró. Gbogbo ìdúró wọ̀nyí ló ń ti ẹ́ńjìnì. Láti kojú èyí, àwọn tó ṣe é fi irin wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kejì kránkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Bí irin náà bá wúwo tó láti pa ìgbọ̀n òkè-sísàlẹ̀ pátá, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ́ńjìnì síwájú-sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà. Nítorí náà, nǹkan bí ìdajì ni wọ́n máa ń mú dọ́gba, wọ́n á sì pín ìyókù sí ọ̀nà méjèèjì. Ìgbọ̀n ẹ́ńjìnì onísìlíńdà kan kì í kú. Ibòmíràn ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò ní wá oògùn tí yóò pa ìgbọ̀n náà mọ́; yóò máa bi ara rẹ̀ pé níbo ló fẹ́ kó bọ́ sí.

Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà ní ìwọ̀n gbígbọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń tì í ní ìwọ̀n yẹn gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ga sí i, bí ọmọdé ṣe ń ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí jáńgílófà ní àkókò tó bá a mu. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń parọ́rọ́ ní eré kan, tí ìka á sì kú ní eré míràn. Irin wúwo tí wọ́n bá ki bọ ìparí ọwọ́ méjèèjì ń rẹ ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, kí eré burúkú náà lè bọ́ síbi tí ènìyàn kì í pẹ́ sí.

Rọ́bà lábẹ́ ẹ́ńjìnì dà bí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ ó sábà máa ń ba nǹkan jẹ́: ẹ́ńjìnì á máa mì, ṣéènì á wọ́, bóòtù á sì já. Dídè é mọ́ férémù gírígírí ló sàn.

Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn dókítà ní ohun tí ìgbọ̀n ń ṣe fún ọwọ́. Ní 1918, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, lọ sí Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí àwọn agbẹ́kùúta ti ń fi òòlù afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí òkúta ẹfun. Ìka wọn a máa funfun, a sì máa kú ní òwúrọ̀ òtútù. Ọwọ́ òsì, tó di irin ìgbẹ́ mú ṣinṣin, ló ń jìyà jù. Bí ìdìmú bá ṣe le tó ni ìgbọ̀n ṣe ń wọlé tó, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú yóò tún dì í mú le sí i, nítorí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù gbé jáde ní 2002 fi àkókò kún ọ̀rọ̀ yìí: bí ìgbọ̀n bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ti tẹ́lẹ̀ ló tó láti mú ìpalára kan náà wá.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dín ìgbọ̀n kù, eré ẹ́ńjìnì ni nǹkan tó ṣe pàtàkì jù. Agbára tí písítìnì fi ń ti ẹ́ńjìnì á di ìlọ́po mẹ́rin bí yíyí kránkì bá di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, irin eléyín tí ṣéènì ń yí, láti eyín 44 sí 36, kẹ̀kẹ́ á sá eré kan náà, ṣùgbọ́n yíyí á dín kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára ìgbọ̀n á sì dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Òkè á ṣòro láti gùn, ẹsẹ̀ á ní láti ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yàn, kí wọ́n tó ki irin bọ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, torí yíyí tuntun náà lè bọ́ sórí ìwọ̀n tí ọwọ́ náà ń dúró dè.