Ṣé Ó Yẹ Ká San Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe wáàsí. Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, kọ́kọ́rọ́ tí a kì í fojú rí, tí kò sì ṣeé so mọ́ ìdí ṣòkòtò, ṣùgbọ́n tí ó bá sọnù, odidi ilé á tì mọ́ni lójú. Pásíwọ́ọ̀dù ni à ń wí, ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sí báǹkì orí fóònù, sí ímeèlì, àti sí ibi tí a ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò.

Ní ilé kéú tí a ti ń kọ́ni ní Ṣakí, olùkọ́ kan wà láàárín wa tí gbogbo wa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí lọ́wọ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Òun ló ṣí ímeèlì ilé kéú, òun ló ń forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀. Bí a bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Aáfà, ó wà lórí mi." Òótọ́ ni, orí rẹ̀ ló wà. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan ní ọdún 2023, ó ní àyà ń dun òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sin ín. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà ṣe ilé rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ti bá a wọ sàréè. Fóònù rẹ̀ tì pa, ímeèlì tì pa. Nígbà tí a tẹ ibi tí wọ́n ní kí ẹni tó gbàgbé tẹ̀, nọ́ńbà àtijọ́ kan tí olóògbé kò lò mọ́ ni wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ọmọ mẹ́tàlá ni a ti forúkọ wọn sílẹ̀. Owó wọn ti wọlé, àwòrán wọn ti wọlé, ìwé tí wọn yóò fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan ni kò ṣeé tẹ̀ jáde. Bàbá ọ̀kan nínú wọn ti ta àpò gààrí méjì kó tó rí owó náà san. Nígbà tó jókòó níwájú wa, kò pariwo. Ó kàn ní, "Aáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ni?" A rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ náà rí ọ̀nà gbà, mẹ́ta dúró de ọdún kejì. Ọmọ bàbá yìí wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Ẹ̀bi ẹlòmíràn kọ́, ẹ̀bi tiwa ni.

Nígbà tí àwa olùkọ́ ṣèpàdé lórí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Pólì jáde sọ fún wa pé ohun kan wà tó dà bí àpótí pásíwọ́ọ̀dù. Ètò orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni. Yóò bá ọ ṣe pásíwọ́ọ̀dù gígùn fún ibi kọ̀ọ̀kan, yóò tọ́jú wọn, yóò sì tì wọ́n pa. Kọ́kọ́rọ́ àgbà kan ṣoṣo ni ìwọ yóò máa rántí.

Aáfà àgbà kan fẹsẹ̀ ilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A há odidi Al-Kùránì sórí, ṣé pásíwọ́ọ̀dù ni kò ní ṣeé há?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó, a rí i pé ọ̀tọ̀ ni èyí. Ohun tí a há láti orí wàláà ní ìtumọ̀, ó ní ohùn, ọ̀rọ̀ kan á fa èkejì, a sì ń tún un kà lójoojúmọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò bára tan kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń lo ẹyọ kan fún gbogbo nǹkan. Àwa gan-an, Bismillahi pẹ̀lú ọdún ìbí wa la fi ń ti gbogbo ilẹ̀kùn. Olè tó bá mú ọ̀kan ti mú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé àbùkù ni kéèyàn tọ́jú nǹkan sílẹ̀ kí ó rántí pé àyà tó gùn jù nínú Al-Kùránì, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló dá lé.

A gbà pé a ó lo àpótí. Èwo wá ni ká mú, ṣé ká sì máa sanwó lé e lọ́dọọdún? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ á máa gbé nǹkan fún un lọ́dọọdún. Kò burú, onílẹ̀ jẹun, àgbẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni à ń gbìn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í gbin igi kájú síbẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ni èso rẹ̀ lọ́jọ́ tí òun kò bá rí ìṣákọ́lẹ̀ san. Ìbéèrè yìí ni a gbé síwájú àpótí kọ̀ọ̀kan.

1Password, tí àwọn ará Kánádà ṣe, kò ní ti ọ̀fẹ́ ju ìdánwò ọjọ́ díẹ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí dọ́là 36 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́dún. Bí owó bá tán, wọn kì í da ẹrù rẹ nù, o ṣì lè wò ó kí o sì kó o jáde, ṣùgbọ́n o kò lè fi tuntun kún un. Bitwarden jáde ní ọdún 2016. Ọ̀fẹ́ rẹ̀ gba iye pásíwọ́ọ̀dù tó bá wù ọ́ lórí iye fóònù tó bá wù ọ́, gbogbo ayé ló sì lè yẹ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wò. Tí owó rẹ̀ wà ní dọ́là 10 lọ́dún fún ìgbà pípẹ́. KeePass ni Dominik Reichl, ará Jámánì, gbé jáde ní ọdún 2003. Kò gba kọ́bọ̀. Orí ẹ̀rọ tìrẹ ni ẹrù rẹ ń gbé, bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́ láìsí ẹ̀dà, ọ̀rọ̀ di tìrẹ nìyẹn.

Aáfà kan ní ohun ọ̀fẹ́ kì í dára, ká sanwó ká fọkàn balẹ̀. A sọ fún un pé owó nìkan kì í ṣe ààbò. Ní ọdún 2022, àwọn olè wọ ilé LastPass, tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń lò, wọ́n sì kó ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ ní títìpa. Àti ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san, ohun tó kù láàárín olè àti ẹrù wọn ni bí kọ́kọ́rọ́ àgbà kálukú ṣe le tó. Ọ̀fẹ́ náà kì í sì í ṣe májẹ̀mú. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, LastPass yìí kan náà sọ fún àwọn ti ọ̀fẹ́ pé kí wọ́n mú ọ̀kan, yálà fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, wọn kò lè lo méjèèjì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àpò tiwa. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé, dọ́là 36 kò ju nǹkan bí náírà 16,600 lọ. Ní ọdún 2024, ó kọjá náírà 54,000. Onílẹ̀ kò fowó lé ìṣákọ́lẹ̀, owó ọwọ́ àgbẹ̀ ló dínkù. Ká tiẹ̀ ní owó wà, nígbà tí ọdún 2022 ń parí lọ, àwọn báǹkì kan dá káàdì náírà dúró, wọn kò jẹ́ kí a fi í ná owó lókè òkun. Owó wà lápò, ọ̀nà ìsan kò sí.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú Bitwarden olówó tó fà wá lọ́kàn. O lè yan ẹnì kan tó jẹ́ pé bí o bá kú tàbí o dùbúlẹ̀ àìsàn, yóò béèrè láti ṣí àpótí rẹ. Bí iye ọjọ́ tí o dá bá kọjá tí o kò sì kọ̀ fún un, ilẹ̀kùn á ṣí. Ohun tó pa wá lẹ́kún gan-an nìyí! A ronú lé e fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni a rántí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tó ń ti Mọ́kà lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622, ó fi Aliyu sílẹ̀ kí ó dá àwọn amánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún oní-ǹkan. Ohun tí a kò ní nígbà tí olùkọ́ wa kú kì í ṣe dọ́là 10. Aliyu ni a kò ní.

Nítorí náà, ti ọ̀fẹ́ ni a mú. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò bára tan ni a fi ṣe kọ́kọ́rọ́ àgbà. Kì í ṣe àyà Al-Kùránì, kì í ṣe oríkì, nítorí olè náà mọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. A kọ ọ́ sí ìwé méjì, a fi wọ́n sínú àpò lẹ́tà, a lẹ̀ wọ́n pa, a sì buwọ́ lù wọ́n. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ alága, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó ọ̀gá ilé kéú. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, a ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹrù náà, a ń tì í pa, a sì ń tọ́jú rẹ̀ sórí fúláàṣì. Bí ọ̀fẹ́ bá tán lọ́la, a ó gbé ẹrù wa lọ síbòmíràn.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Èkó, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òun fúnra rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ta ni yóò bá a di àpò lẹ́tà mú? Kí irú wọn san án, ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun ti ra ìfọ̀kànbalẹ̀ tán nígbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé àpótí wà.

Ní sáà tó kọjá, bàbá tó ta gààrí mú àbúrò ọmọ náà wá fún ìforúkọsílẹ̀. Kó tó ka owó sílẹ̀, ó wò wá lójú, ó ní, "Aáfà, ta ló mọ̀ ọ́n báyìí?" A pe alága, ó gbé àpò lẹ́tà jáde. A ya á níwájú bàbá náà, a wọlé, ilẹ̀kùn ṣí, a sì tún lẹ tuntun pa. Ìgbà náà ló tó ka owó rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè dá amánà padà. Àmín.