Ẹwà Tí Ó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Wa: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Àgbà Tí Ń Gbé ní Àbújá

Bí owó bébà náírà 100 bá wà lọ́wọ́ yín, irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1999, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí i wò. Àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀? Àpáta Zuma ni, òkúta ràbàtà tí ó dá dúró létí ọ̀nà Kàdúná, nítòsí Madalla, bí a bá ń wọ Àbújá bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ná owó yìí fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún láìbojú wo ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Bí a ti ṣe sí àpáta yìí ni a ṣe sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ẹlẹ́wà tí ó yí wa ká.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láti ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, iṣẹ́ ni ó gbé púpọ̀ nínú wa débí. A ń jí jáde ní Kúbwà, Nyanya tàbí Lugbe kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì ń padà lálẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Ojú tí ń wo aago kò ráyè wo ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 35 nígbà náà ti di arúgbó báyìí. Ó ti pé ọmọ 60 ọdún, tàbí ó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa sọ pé ìgbà tí òun bá padà sílé, ní Ìwó tàbí ní Ìsẹ́yìn, ni òun yóò tó tún fojú kan igbó àti ẹyẹ, nítorí pé Àbújá kò ju ọ̀dà àti ilé alájà lọ. Ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹ gbé àga síta, kí ẹ fi igi kan tàbí òpó iná kan ṣe àmì ibi tí oòrùn ti yọ. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún un wò. Ẹ ó rí i pé oòrùn ti ṣípò. Ní oṣù kejìlá, ọwọ́ gúúsù ni ó fà sí. Ní oṣù kẹfà, ọwọ́ àríwá ni. Ohun tí ó jọni lójú ni pé ibi tí oòrùn ti ń yọ ní Àbújá nínú oṣù kẹfà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Gábàsì mu régé. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 18 láàárọ̀ ní aago tiwa, orí Káábà gan-an ni oòrùn máa ń wà. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní àkókò náà: òdìkejì ibi tí òjìji rẹ̀ bá nà sí ni Gábàsì wà. Ní àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ, ó kan Àbújá fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, oòrùn a dé àtàrí wa gan-an, òjìji ènìyàn a sì sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ara ògiri. Alángbá akọ tí ń mi orí níbẹ̀, orí rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tí ó pọ́n, ara rẹ̀ sì dúdú bí aró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọ̀ yẹn a ṣá. Bí oòrùn bá ràn, a padà. Orí tí ó ń mì jẹ́ ìkìlọ̀ fún akọ mìíràn pé ibẹ̀ ní onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àbújá kò yọ alángbá sílẹ̀! Ẹ wo orí ọ̀pẹ, níbi tí àwọn ẹ̀ga ti ń pariwo. Akọ ni í ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí í fi í hun ilé. Abo a wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ a tú u palẹ̀, a sì tún òmíràn hun. Bí àwọn màlúù bá sì ń kọjá létí títì, lékeléke ń bẹ lẹ́yìn wọn, ó ń ṣa tata tí pátákò wọn ń lé sókè jẹ. Ta ni nínú wa tí kò na èékánná sí lékeléke rí nígbà èwe, pé kí ó fún òun ní funfun?

Àkókò pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀ Chad, a bo Àpáta Aso lójú. Ìgbà náà gan-an ni mángòrò ń tanná. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, àpáta náà a yọ padà, yóò mọ́ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ikán abìyẹ́ a sì bo gílóòbù iná. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e lè lọ sí Millennium Park ní Maitama, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní ọdún 2003, tàbí kí ó jókòó létí adágún Jabi, omi tí a sé, ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, ojú fèrèsé tó o.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìgbádùn ojú. Ẹ rántí igún, bí wọ́n ti máa ń pọ̀ tó ní odò ẹran nígbà kan. Ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ààbò ohun ẹlẹ́mìí inú igbó, ka irú igún tí ń gbé àárín ìlú wa mọ́ àwọn tí ìparun ti dé tán sí. Májèlé ń pa wọ́n, àwọn ènìyàn sì ń pa wọ́n ta fún oògùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a bí ní Gwarinpa lè má rí igún rí. Bí àgbà kò bá sọ fún un, kò ní mọ̀ pé ohun kan ti sọnù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ẹyẹ ń jẹ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wa, kì í sì í ṣe orúkọ Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀ga yàtọ̀ sí ológoṣẹ́, tí ẹ mọ àdàbà yàtọ̀ sí ẹyẹlé, ẹ̀yin ni ìwé tí wọn yóò kà, ìwé náà kò sì ní wà títí. Nítorí náà, ẹ fa ọmọ kan lọ́wọ́ jáde. Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta fún un lójúmọ́: ẹyẹ kan, igi kan, kòkòrò kan. Bí ẹ bá pàdé èyí tí a kò mọ̀ nílé, ẹ bi àwọn Gbàgyí àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí òfin ọdún 1976 tó sọ ọ́ di olú-ìlú; wọ́n ní orúkọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí ojú wa ríran dalẹ́, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ohun tí a fi hàn wọ́n. Àmín.