Ìwé Tí A Lè Gbé Lọ Bá Ìyá Àgbà

 Ìbéèrè kan rèé: ìwé wo lẹ kà kẹ́yìn tí kì í ṣe ti ìdánwò, tí kì í sì í ṣe ìtàn àròsọ? Háńdáwùtù ò sí níbẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp náà ò sí níbẹ̀. Ìwé gidi là ń wí, tí ẹnì kan jókòó kọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, nípa ìlú tó wà, nípa èèyàn tó gbé ayé rí. A ti bi àwọn ará yàrá wa ní ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ wọn wo òkè àjà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ìtàn àròsọ ni wọ́n fi hàn wá pé ó dùn. Ìwé tó bá ti ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ti ìdánwò ni. Ẹ wo JAMB. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì kà fún Use of English, láti orí In Dependence dé Sweet Sixteen, dé The Life Changer, dé The Lekki Headmaster, ìtàn àròsọ ni gbogbo wọn. A ò sọ pé wọn ò dáa. Àmọ́ láti sáà ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ iṣẹ́ Ìtàn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní páráámárì àti JSS, ó sì pé ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Inú àlàfo yẹn ni púpọ̀ nínú wa dàgbà sí. Ojú Awólọ́wọ̀ tí a mọ̀, ojú tó wà lára ọgọ́rùn-ún náírà ni.

Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì ìjọba pa láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Àwa mẹ́rin tí a jẹ́ ọmọ Ìdóàní wà nílé. Àwọn ọmọ gírámà tó fẹ́ ṣe JAMB wá bá wa pé kí a máa kọ́ àwọn ní lẹ́sìn, a sì gbà. Nígbà tó yá, a fi nǹkan kan kún un: lọ́sàn-án Sátidé, tí lẹ́sìn bá ti parí, ẹni tó bá fẹ́ lè dúró kí a jọ ka ojú ewé mẹ́wàá nínú ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Àwọn ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní "ìwé òótọ́". Márùn-ún ló dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń dúró dè.

Òfin mẹ́ta la fi lélẹ̀. Èkíní, a ò ní gbé odindi ìwé fún ẹnikẹ́ni. Fóòtòkópì ojú ewé mẹ́wàá tó. Ìwé tó nípọn máa ń lé èèyàn sá kó tó la ẹnu. Èkejì, kò sí ìdánwò, kò sí "kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀". Ẹnì kan á máa kà sókè, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á dá a dúró. Ẹ̀kẹta, gbogbo ìwé tí a bá kà gbọ́dọ̀ ní ìbéèrè kan tí wọ́n á gbé lọ sílé, lọ bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀.

Fágúnwà la fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni, ará Òkè-Igbó, gbogbo wọn ló sì ti gbọ́ orúkọ Ògbójú Ọdẹ. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Fágúnwà kan náà kọ Ìrìnàjò, apá kìíní ní 1949, apá kejì ní 1951, nípa bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí iwin níbẹ̀, kò sí Agbákò. Ọmọkùnrin kan dá wa dúró: "Bùọ̀dá, ṣé ó lọ lóòótọ́?" A ní ó lọ. Ó ní kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí a tún un kà.

Èyí tó gbé ilé gbóná ni ti Awólọ́wọ̀. Nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 1960, a mú ibi tó ti sọ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tiwa náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sílé: Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ Action Group jáde fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1951, Adékúnlé Ajásin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Imade College ní Ọ̀wọ̀ nígbà náà sì wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn la ètò ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ìbéèrè tí a ní kí wọ́n gbé lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́?"

Ní Sátidé kejì, ariwo ni. Ìyá àgbà ọ̀kan sọ pé ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ òun dúró sílé gbé àbúrò pọ̀n, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló lọ. Òmíràn ní wọ́n dá òun padà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, torí wọ́n ní kí òun gba orí fọwọ́ kan etí kejì, ọwọ́ òun kò sì tó o. Àwọn ọmọ ní kò sí ọ̀rọ̀ etí ní ojú ewé tí a kà. Bàbá àgbà kan ló wá fọ́ ọ̀rọ̀ lójú: "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Owó orí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá mi ńkọ́?" Òótọ́ ló sọ. Ìjọba gba owó orí lọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, inú sì bí àwọn èèyàn débi pé nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954, Action Group fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ̀ bóyá Awólọ́wọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ àbí ó fò ó. Wọ́n ní kí a mú ojú ewé tó kù wá. Àwọn fúnra wọn ló dá owó fóòtòkópì.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé wa. Ìtàn àròsọ dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pe Agbákò lẹ́jọ́ pé irọ́ ló pa. Ìwé òótọ́ nìkan lèèyàn lè gbé lọ bá ìyá àgbà, kó ní, "Màmá, wọ́n ní báyìí ló rí, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Tí màmá bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, eré bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé ohun tó wà nínú ìwé ni kó há sórí, ó wá rí i pé òun lè bá ìwé jiyàn, pé ẹ̀rí wà nílé òun. A ò tún ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó kàwé mọ́.

Ti èdè Ìyàyú tún ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdóàní mọ̀ pé àdúgbò Ìyàyú ní èdè tirẹ̀. A mú ojú ewé méjì látinú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ èdè, níbi tí wọ́n ti to èdè Ìyàyú mọ́ àwọn èdè tó bá Ẹ̀dó tan. Ọmọ Ìyàyú kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú bébà náà, ó fi ìka sórí orúkọ àdúgbò rẹ̀, kò sì gbé e kúrò. Àwọn yòókù ní, "Ṣé ará Bìní wá ni yín?" Ìjà fẹ́ bẹ́. Ìbéèrè yẹn ló gbé lọ sílé, bàbá rẹ̀ sì fi èsì rán an: èdè lè tan mọ́ èdè kí ìlú máà wá láti inú ìlú, kí wọ́n má fi èdè nìkan dájọ́ ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀. Olùkọ́ wa ní yunifásítì kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ìgbà tí a dé orí Johnson ni ọ̀rọ̀ di tiwa. Kó tó di pé a ka ohun tó wà nínú ìwé náà, a sọ ohun tí ojú ìwé náà rí. Alùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sí wọn lọ́wọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀ jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Òun náà kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921. Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan ní, "Àǹtí, ibo la wà níbẹ̀?" A sọ òótọ́ fún un pé Ọ̀yọ́ ló gba ìwé náà kan, àyè tó kan ìhà tiwa kò tó nǹkan. Ó ní bàbá àgbà òun mọ ti àdúgbò àwọn, òun á kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá fi jókòó tì í. Ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni orúkọ àwọn odò kéékèèké tí wọ́n ń pọn kí omi ẹ̀rọ tó dé, odò mọ́kànlá, àti ẹni tó ní oko létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún náà tó parí, bàbá sùn. Nínú odò mọ́kànlá yẹn, mẹ́ta wà tí kò sí ẹlòmíràn nílé wọn tó lè júwe ibi tí wọ́n wà. Inú ìwé olójú ewé ọgọ́ta, tí wọ́n ya àwòrán bọ́ọ̀lù sí lẹ́yìn, ni wọ́n wà báyìí. Kò síbòmíràn.

Ìdí nìyí tí a fi ń yọ yín lẹ́nu. Àwọn tó wọlé ẹ̀kọ́ ní 1955 ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí à ń ka ìwé yẹn. Wọn ò ní dúró de wa títí a ó fi ṣe tán. Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé ní Kérésì tàbí Iléyá, ẹ má kó ìwé rẹpẹtẹ. Ẹ mú ojú ewé mẹ́wàá dání, nípa ohun tó kan ìlú yín: kòkó, ilé ìwé, ọ̀nà, èdè. Ẹ wá ọmọ márùn-ún. Ẹ kà á sókè, ẹ jẹ́ kí wọ́n já yín lẹ́nu. Kí wọ́n tó túká, ẹ fún wọn ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì fún wọn ní bírò àti ìwé tí wọ́n á kọ ìdáhùn sí.