Ojú Omi Ni Ká Kọ́kọ́ Mọ̀

Iṣẹ́ ìtò ilẹ̀ àyíká ni mo kọ́, èyí tí àwọn tó kà á ní yunifásítì ń pè ní landscape architecture. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ olódòdó lásán ni, pé ká ṣáà gbin koríko, ká to òkúta funfun sí etí rẹ̀, ká gba owó wa. Òdòdó ló kéré jù nínú rẹ̀. Omi, ibòòji àti ẹsẹ̀ èèyàn ló ni iṣẹ́ náà.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Bàbá Ọlọ́gbà. Tí wọ́n bá pè wá sí ilẹ̀ tuntun, Bàbá kì í jẹ́ ká gbé ọkọ́ tàbí àdá wọlé. Wọ́n á ní ká rìn yí ibẹ̀ ká láàárọ̀, ká padà wá lọ́sàn-án gangan, ká sì tún wá dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Wọ́n á wá bi wá pé: “Ibo lomi ti ń wọlé? Ibo ló ń gbà jáde? Ta ló ń gbé níbi tó ń lọ?” Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta kò tíì ṣetán láti gbin nǹkan kan.

Irinṣẹ́ tí a kọ́kọ́ ń mọ̀ lò ni rọ́bà onómi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo bí nǹkan ṣe tẹ́jú sí. Rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara ni. A ó bu omi sí i títí tí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, ẹnì kan á di orí kan mú, ẹnì kejì á di ìkejì mú. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá tilẹ̀ jìnnà síra, ojú omi tó wà lọ́wọ́ yín á ṣe déédéé ara wọn. A ó fàmì sára èèkàn, a ó wọn ìyàtọ̀, a ó wá mọ ibi tí ilẹ̀ ga sí àti ibi tó ti dà gẹ̀rẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, Bàbá kì í gbà kí ìdàgẹ̀rẹ́ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan, kí omi má baà máa jókòó ti ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gbẹ́ kòtò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a ó da omi kún un, tó bá ti fà tán a ó tún da òmíràn sí i, ìgbà náà la ó tó máa wo aago. Ilẹ̀ oníyanrìn á mu ún kíákíá. Ilẹ̀ amọ̀ lè má mu ún tán títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ìṣirò kan wà tí gbogbo onílé yẹ kó mọ̀. Òjò tó bá jẹ́ mìlímítà 1, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi 1 ni. Ká mú púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tó bọ́ síbẹ̀ lé ní lítà 23,000, ìyẹn táǹkì onílítà 1,000 tó lé ní 23. Tí onílé bá ti fi sìmẹ́ǹtì àti íńtálọ́ọ̀kù bo ilẹ̀ rẹ̀ láti géètì dé ẹ̀yìnkùlé, ojú títì ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Ẹ wá fi iye ilé tó wà ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀.

Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí èyí ń dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ìlú, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún pààyàn, ó sì wó afárá. Wọ́n ti fi kọnkéré kọ́ ojú odò Ògùnpa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé kọnkéré nìkan kò lè gbà wá. Gọ́tà a máa gbé omi kúrò lọ́dọ̀ mi wá bá ẹ ni, kì í dín in kù. Ilẹ̀ tó lanu ló ń dín omi kù.

Ohun tí Kongjian Yu, oníṣẹ́ ìtò ilẹ̀ àyíká bíi tiwa, fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún ní Ṣáínà nìyẹn. Ó ní kí ìlú máa fa omi mu dípò kó máa lé e. Ní ìlú Harbin, ó ṣe ọgbà Qunli sórí ilẹ̀ àbàtà tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 34. Kò fọwọ́ kan àárín àbàtà náà. Etí rẹ̀ ló gbẹ́ ní kòtò kòtò, ó fi erùpẹ̀ tó jáde níbẹ̀ mọ òkìtì, ó gbin igi sí wọn lórí, ó sì darí omi òjò àdúgbò sínú wọn. Àwọn èèyàn ń gba orí afárá gígùn rìn gba òkè ibẹ̀ kọjá. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára wa. A máa ń gbẹ́ kékeré rẹ̀ sínú àgbàlá oníbàárà, a ó da iyanrìn àti ilẹ̀dú sí i, a ó gbin koríko tó lè fara da omi àti ọ̀dá. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì, nítorí ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹyin ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ti igi ló tún kàn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló máa ń mú ilé gbóná jù, nítorí náà apá ìwọ̀-oòrùn ilé ni igi tí orí rẹ̀ fẹ̀ yẹ kó wà, kó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ àti sókáwéè. Ká tó gbin ín, a ó ya ọ̀rá rẹ̀ dànù, a ó gé gbòǹgbò tó ti lọ́ yípo ara wọn, a kò sì ní bo ìdí igi náà mọ́lẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn bí gbogbo ilé tuntun ṣe ń to igi masquerade tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀bá ògiri. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòòji rẹ̀ kò tó ẹnì kan jókòó sí. Àwọn baba wa gbin òdán sí ojúde àti ọjà, kí àgbà rí ibi jókòó, kí ìyá ọlọ́jà rí ibi pàtẹ. Wọ́n fi pèrègún pààlà, nítorí kì í tètè kú. Ìmọ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá máa ń rán wa lọ wo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ní Ifẹ̀, mo wo bí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ṣe jẹ́ kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ nínú ilé ẹ̀kọ́ yunifásítì, kí ilé fúnra rẹ̀ lè ṣíji bo ara rẹ̀, kí atẹ́gùn sì rí ààyè gbà. Ní Èkó, mo dé Freedom Park, èyí tí Theo Lawson yà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ti Herbert Macaulay mọ́. Láti 2010 ló ti di ibi eré àti ìsinmi, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ á ṣì rí ipa àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbà pẹ̀lú lè fìyà jẹ èèyàn. Central Park ní New York, tí Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux fi àwòrán wọn jáwé olúborí ní 1858, gbogbo ayé ló ń yìn ín. Èmi náà ń yìn ín. Síbẹ̀, ìjọba ti kọ́kọ́ lé àwọn ará Seneca Village kúrò lórí apá kan ilẹ̀ yẹn ní 1857, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú wọn, tí àwọn kan ní ilé àti ilẹ̀ tiwọn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dúró wo ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti là kí n tó fa ìlà ọ̀nà sórí ìwé. Bí ìyá kan bá ń ta àkàrà lábẹ́ igi tí wọ́n ní kí n gé, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú àwòrán náà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi íńtálọ́ọ̀kù bo gbogbo ilẹ̀ yín. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sílẹ̀ fún koríko àti igi kan tó lè ṣíji boni. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́ ilẹ̀ sí ìpàdé kí ẹ tó pe agbaṣẹ́ṣe gọ́tà.