Àwa Nìkan Nínú Òjò Dídì



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pè láti ilé-kéwú, tí a kò sì tíì fojú rí. Nínú ọ̀kan lára àwọn àdúà tí à ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrun kí a tó ka Fátíhà, a máa ń bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fi omi, òjò dídì àti yìnyín wẹ ẹ̀ṣẹ̀ wa nù. Omi kò ṣàjèjì sí wa. Yìnyín náà máa ń bá òjò já lu páànù ilé wa, àwọn ọmọdé a sì máa sáré ṣa á jẹ. Òjò dídì ńkọ́? Áfáà wa pe òun náà ní yìnyín, bó ṣe di ọ̀kan náà lẹ́nu wa nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ gbé wa dé Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ̀nba tí a rí níbẹ̀ a máa di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyí tí a fi pinnu láti fi ọjọ́ mẹ́rin ìsinmi wa nínú oṣù kìíní ọdún lọ sí àwọn òkè Cairngorms ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí òjò dídì ti máa ń pẹ́ nílẹ̀. Àwa nìkan ni a ó sì lọ.

Nígbà tí Màmá wa gbọ́ ní Ìbàdàn, wọ́n bi wá lórí tẹlifóònù pé, "Àdìó, ṣé kò sí ẹni tí o lè bá lọ ni? Ta ni yóò gbé ọ bí o bá ṣubú?" Wọ́n rán wa létí pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) kìlọ̀ nípa dídá rìn lóru. A kò já wọn níyàn. A ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọkọ̀ ojú irin tí ń gbéra ní Euston lálẹ́ tí àwọn èèyàn ń sùn nínú rẹ̀ dé Aviemore kì í ṣófo, àti pé ojúmọmọ nìkan ni a ó máa jáde. Síbẹ̀, ìbéèrè wọn bá wa wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ adùn rẹ̀ ná. Lọ́jọ́ kìíní, a rìn yí Loch an Eilein ká, adágún omi kan nínú igbó Rothiemurchus, tí ahoro ilé olódi wà lórí erékùṣù inú rẹ̀. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta. Òjò dídì bo ẹ̀ka igi bí òwú, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ a máa gbé ariwo mì. Ìró bàtà wa nìkan ni à ń gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rún gúgúrú lẹ́nu. Ojú adágún náà ti dì. Iṣẹ́ Ọlọ́hun tóbi! Omi tó wà ní ìwọ̀n òtútù mẹ́rin lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló wúwo jù, nítorí náà èyí tó dì a máa léfòó, ẹja a sì máa wà láàyè nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tẹ orí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fúnni ni pé kí omi dídì tó mọ́ gaara nípọn tó ínṣì mẹ́rin kí èèyàn tó gùn ún. Ibi tí odò ti ń wọnú adágún a máa fẹ́lẹ́, òjò dídì a sì bo àléébù náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó dá wà kì í fi ẹsẹ̀ wọn irú rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kejì, a háyà pákó síkì. A ṣubú títí a kò fi kà á mọ́! Ọmọdé kan tí kò lè ju ọdún mẹ́fà lọ yọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ó dúró, ó sì béèrè bóyá kò sí nǹkan tó ṣe wá. Ẹ̀rín pa wá, a sì dìde.

Ọ̀sán ibẹ̀ kúrú nígbà náà. Oòrùn a máa yọ nígbà tí aago mẹ́sàn-án bá kù díẹ̀, yóò sì wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Àyìlá, Àláásàrì àti Màgàríbá súnmọ́ ara wọn bí ilé àdúgbò kan náà. Níbẹ̀ ni a ti mọ iyì ìrọ̀rùn tí ẹ̀sìn fún arìnrìn-àjò: kí ó gé ìrun kúrú, kí ó pa méjì pọ̀, kí ó sì máa fi ọwọ́ tútù ra orí ìbọ̀sẹ̀ awọ fún ọ̀sán àti òru mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹta ni a gba ọ̀nà Coire an t-Sneachda, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gaelic jẹ́ kòtò òjò dídì. Ó wà lábẹ́ Cairn Gorm, òkè tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,245. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti wọn ìjì tó sáré tó máìlì 173 ní wákàtí kan ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1986. Kí a tó jáde, a ka ìkìlọ̀ tí Scottish Avalanche Information Service máa ń gbé jáde lójoojúmọ́ nígbà òtútù nípa ibi tí òjò dídì ti lè ya lulẹ̀ láti orí òkè. A sọ ọ̀nà tí a ó gbà àti aago tí a ó dé fún ìyá onílé tí a wọ̀ sí. A sì pinnu pé bí aago kan ọ̀sán bá ti lù, ibi yòówù kí a dé, a ó padà.

Aago kan kò tíì lù tí kùrukùru fi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀run àti ilẹ̀ di àwọ̀ kan náà, a kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ọkàn wa ní kí a tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i, torí a ti rìn jìnnà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí yóò dá wa lẹ́kun. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ìdárìn wà. Ẹni méjì lè bá ara wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo, ìpinnu tó ti ṣe kí ó tó kúrò nílé ni ẹnìkejì rẹ̀. A tẹ̀lé ipa ẹsẹ̀ wa padà kí ó tó parẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni ààbò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Edinburgh há sínú ìjì òjò dídì lórí àwọn òkè yìí. Ọmọ ilé-ìwé márùn-ún àti olùkọ́ wọn ọ̀dọ́ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ni wọ́n kú. Wọn kò dá wà o.

Nígbà tí a wọlé, ìyá onílé ń wo ojú fèrèsé. Ó ní bí a kò bá dé ní aago mẹ́rin, òun ìbá ti pe àwọn tí ń lọ dóòlà èèyàn lórí òkè, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbé. Nígbà náà ni a rí èsì ìbéèrè Màmá wa. A rò pé àwa nìkan la lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ yẹ òjò dídì wò láàárọ̀ kí ó tó kọ ìkìlọ̀, ẹni tó la ọ̀nà, ẹni tó ń wo aago dè wá, gbogbo wọn ló bá wa rìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ wà nílẹ̀ òtútù, ẹ jáde lọ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun, ẹ má kàn fi gbogbo ìgbà òtútù jókòó ti ẹ̀rọ amúlétutù-gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mọ ibi tí ẹ lọ, kí ẹ sì padà ní àkókò tí ẹ dá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ dá lọ, ẹ bi í ní ìbéèrè tí Màmá wa bi wá, kí ẹ sì gbọ́ èsì rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ pé rárá. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.