Àwòrán Tí A Pè Ní Irọ́

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, a kò fẹ́ fi wáàsí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò fún yín. Ẹni tó bá ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú fún ọdún pípẹ́ a máa rò pé kò sí irọ́ tí òun kò lè dá mọ̀. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀, títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá.

Ọmọkùnrin kan wà tó kéwú lọ́dọ̀ wa ní Ìbarà níbí. Kò tíì parí Al-Kùránì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó dàgbà síbẹ̀, ó ń gbé ní Peckham, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, kọ̀ǹpútà ló sì ń tún ṣe jẹun. Nígbà tó wálé wá kí ìyá rẹ̀, ó gbé àwòrán ńlá kan wá fún wa, pé kí a gbé e kọ́ sára ògiri ilé-kéwú. Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn ọmọ wà nídìí wàláà wọn, àwọn òbí mélòó kan sì jókòó tì wá.

Àwòrán náà dára. Ó dà bí èéfín tí wọ́n tan iná sí láti inú: ibìkan pupa bí epo, ibìkan ní àwọ̀ ewé, ibìkan búlúù bí aró. Ó ní ìkùukùu tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní nebula, tí Lárúbáwá òde òní sì ń pè ní sadīm. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ilé òun ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun ti yà á.

A wò ó, a rẹ́rìn-ín. A ní, "Lọ́ńdọ̀nù tí iná kì í kú yẹn kẹ̀? Àdìrẹ Ìtòkú ni èyí. Ìwọ lo rẹ ẹ́ láró." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìbá dára ká ní a dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò dúró. A fi kún un pé ẹni tó fi Al-Kùránì sílẹ̀ lágbedeméjì, kò yani lẹ́nu bó bá ń kun àwòrán tó ń sọ pé sánmà Ọlọ́run ni. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Aáfà." Ó gbé àwòrán rẹ̀, ó lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ìyá rẹ̀ wá bá wa. Ìyá yìí kò kàwé. Ó ní, "Aáfà, mi ò bá tìjà wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ẹ ti wo ohun tí ọmọ yìí wò, kí ẹ tó sọ pé irọ́ ló pa?"

A wá èsì, a kò rí. Sūratu ’l-Ḥujurāt wà lórí wa, a sì ti kọ́ ọmọ tí kò lóǹkà ní àṣẹ inú rẹ̀ pé kí ènìyàn wádìí ọ̀rọ̀ kí ó má baà ṣèkà láìmọ̀. Àwa tí à ń kọ́ni, a kò wádìí. A ní kí ìyá náà sọ fún ọmọ rẹ̀ pé a óò wá lálẹ́ ọ̀la.

Ẹ̀yìnkùlé wọn kò jìnnà sí títì tó lọ sí Pánṣẹ̀kẹ̀. Iná ṣọ́ọ̀bù, iná títì àti iná géètì aládùúgbò ti sọ sánmà di eérú. Ọyẹ́ náà ti gbé eruku tirẹ̀ dé. A bá a níbi tó gbé tẹlisikóòpù kékeré kan kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò gùn tó apá ènìyàn. Mọ́tò kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yí i díẹ̀díẹ̀, nítorí ayé ń yí, ìràwọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó fẹ́ yà á. Bátìrì ọkọ̀ ni ó fi ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó mọ irú ìlú tí òun wá.

Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Aáfà, Orion nìyẹn." Àwa ní, "Al-Jabbār ni àwọn onímọ̀ Lárúbáwá ń pè é." Ó tọ́ka sí ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an, ó ní Rigel ni. A ní, "Rijl, ẹsẹ̀ nìyẹn." Ó ní èkejì ń jẹ́ Saiph. A ní, "Sayf, idà." Ó dé orí àwọn mẹ́ta tó tò, ó pe ọ̀kan ní Mintaka. A ní, "Minṭaqah, ìgbànú." Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pe àwọn orúkọ yìí, mi ò mọ̀ pé kéwú ni."

A wá sọ ìtàn Betelgeuse fún un. Yad al-Jawzā’ ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ìyẹn ọwọ́ Jawzā’. Bí lẹ́tà yā’ bá wà níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmì méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ti bā’ jẹ́ ẹyọ kan. Àwọn tó ń da ìwé náà kọ sí èdè Látìnì ka yā’ sí bā’, àṣìṣe náà kò sì kúrò lára ìràwọ̀ náà títí dòní. Bí a ti ń sọ èyí, inú wa ń dùn pé a ṣì jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. A kò tíì mọ̀ pé ẹjọ́ ara wa ni à ń dá.

Lábẹ́ ìgbànú náà ni ibi tó rí bí òwú wà. A fojú sí tẹlisikóòpù. A rí èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin tó ṣùpọ̀ láàárín rẹ̀. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí eérú ni. A ní, "Pupa dà? Búlúù dà?" Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré jù fún ojú wa, Aáfà. Bí ilẹ̀ bá ṣú pátápátá, ṣé ẹ lè mọ aṣọ pupa yàtọ̀ sí aṣọ aró?" A ní rárá.

Ó wá mú gíláàsì róbótó mẹ́ta jáde, ó ní asẹ́ ni wọ́n. Ó ṣàlàyé pé gáàsì ló wà nínú ìkùukùu náà, àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú kí gáàsì náà tan ìmọ́lẹ̀. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bí a ti ń mọ ohùn làdánì kọ̀ọ̀kan ní Ìbarà láìtíì rí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ti háídrójìn wà ní ìwọ̀n ìgbì 656, ti imí-ọjọ́ ní 672, ti ọ́síjìn ní 501. Nánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n; mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú mílímítà kan. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí bẹ̀rẹ̀ láti bí 400 títí dé bí 700. Asẹ́ kọ̀ọ̀kan kò jẹ́ kí ó ju nánómítà 7 lọ tó kọjá lára rẹ̀. Ohun tí gáàsì náà ń sọ a wọlé, iná Pánṣẹ̀kẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kù síta tán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà láàárín iná Lọ́ńdọ̀nù fi lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ní kò sí asẹ́ tó lè sẹ́ eruku ọyẹ́.

Ó tún sọ fún wa pé iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1864, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Huggins, tó ti ta ìṣòwò aṣọ ìdílé wọn, wo irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ láti ilé rẹ̀ ní Tulse Hill, tí kò jìnnà sí Peckham. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti ìràwọ̀, gáàsì ni. Àwọ̀ ewé kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fún ohun tó ń tàn án lórúkọ, wọ́n pè é ní nebulium, bí ẹni pé ohun tuntun ni. Ọdún 1927 ni Ira Bowen ti Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ọ́síjìn ni. Ní 1883, Andrew Common ya Orion yìí kan náà láti inú ọgbà ilé rẹ̀ ní Ealing, ìràwọ̀ tí ojú kò rí rí sì hàn nínú àwòrán rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni kámẹ́rà fi ń la ojú fún àwòrán kan, ogún àwòrán fún asẹ́ kan. Wákàtí kan nìyẹn, asẹ́ sì jẹ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní a parí méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì eruku bo gbogbo rẹ̀, a sùn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta iná ìjọba lọ, gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn kí àwọn jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ìràwọ̀ sì tú jáde bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó ya èyí tó kù.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó to ogún ogún lé ara wọn títí ó fi di àwòrán mẹ́ta. Dúdú àti funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tún béèrè àwọ̀. Ó ní, "Kámẹ́rà yìí kì í ya àwọ̀, Aáfà. Èmi ni mo fi àwọ̀ sí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Inú wa dùn! A rò pé a ti jàre. A ti ń to ọ̀rọ̀ tí a óò sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ní kí a fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra. Wọn kò bára mu. Ibi tí imí-ọjọ́ ti hàn dáadáa, ọ́síjìn kò sí níbẹ̀ púpọ̀. Ó ní pupa ni ìmọ́lẹ̀ háídrójìn, pupa náà ni ti imí-ọjọ́, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bó tilẹ̀ rí wọn. Nítorí náà ni òun ṣe fún imí-ọjọ́ ní pupa, tí òun fún háídrójìn ní àwọ̀ ewé, tí òun sì fún ọ́síjìn ní búlúù. Ọ̀nà kan náà ni Jeff Hester àti Paul Scowen gbà ní 1995 nígbà tí wọ́n fi tẹlisikóòpù Hubble ya àwọn òpó ìkùukùu inú Eagle Nebula, àwòrán tó kárí ayé.

A dákẹ́. Ojú wa lọ sí Al-Kùránì tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní tajwīd, èyí tí wọ́n fi àwọ̀ tẹ̀: àwọ̀ kan fún ibi tí a ń fà, òmíràn fún ibi tí ohùn ń gba imú, òmíràn fún ibi tí lẹ́tà ń ta. Kò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Kò sì sí ẹni tó jẹ́ pè é ní irọ́, nítorí pé ohun tó wà nínú kíké gan-an ni àwọ̀ ń tọ́ka sí, àlàyé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ojú ìwé. Ìtàn sọ pé Abū ’l-Aswad ad-Du’alī ni ó kọ́kọ́ fi àmì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ sára lẹ́tà, kí ẹnu má baà ṣì í kà. Ìmọ́lẹ̀ Orion tó wọ inú kámẹ́rà yìí ti rin ìrìn bí 1,300 ọdún kó tó dé Ìbarà. Nígbà tó gbéra, àwọn Tābi‘ūn, ìran tó tẹ̀lé àwọn sàábé, ṣì wà láyé.

A wá bi í léèrè pé, "Àlàyé tìrẹ dà, nísàlẹ̀ àwòrán tí o gbé wá?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Kò sí. Ẹ jàre níbẹ̀, Aáfà." Ìdí wa nìyí: àwọ̀ tó bá sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀, èyí tó bá fi í pamọ́ lè ṣi ẹni tó wò ó lọ́nà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tirẹ̀, ìlà mẹ́rin ni yóò tún un ṣe. Tiwa, ẹnu wa ni, ẹyin sì lọ̀rọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, níwájú àwọn ọmọ kan náà, a sọ pé a ṣì í sọ, a sì bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan béèrè pé, "Aáfà, ṣé ẹ̀yin náà máa ń ṣì í?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwòrán náà wà lára ògiri báyìí. Ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: pupa, imí-ọjọ́, àwọ̀ ewé, háídrójìn, búlúù, ọ́síjìn, ojú kò rí i báyìí, àmì ni.

Ó ti padà sí Peckham. Ó máa ń pè wá lórí fóònù, ó máa ń béèrè àlàáfíà wa. Kò tíì mẹ́nu kan Al-Kùránì tó kù fún un láti parí, àwa náà kò sì tíì ní ẹnu láti bi í. Ohun tí a sọ lọ́jọ́ náà ló dínà fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ohun tí ẹ kò rí rí wá, ẹ bi í bó ṣe ṣe é, kí ẹ jókòó tì í lóru kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní ìmọ̀ tó ṣàjèjì sí wa, ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sísàlẹ̀, kí àgbà lè rí i kà. Kí Ọlọ́run Ọba fi ojú òótọ́ jíǹkí wa, kó sì bá wa fi asẹ́ sí ẹnu wa. Āmīn.